Nítorí Fáànù àti Omi Ẹ̀rọ, Wọ́n Sọ Mí Di Ìyàwó Alhaji

Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná. Ohun tí ẹ máa rí bú níbẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ kí ẹ kánjú.

Kaothar ni orúkọ mi. Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn ni ilé wa, iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ní ìgbà òjò tó kọjá, wọ́n kó àwa mẹ́rin lọ sí Àbà Oníyangí, lẹ́yìn Ẹ̀rúnmú, pé kí á lọ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ará oko. Pósítìn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé àwa gan-an ni ìtọ́jú máa tọ́ sí.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni èmi, Roheem, Tìmílẹ́hìn, àti Praise, ọ̀rẹ́ mi láti ọdún àkọ́kọ́ tí a wọ yunifásítì.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀ ni họ́sítẹ̀lì wa wà. Iwájú rẹ̀ dára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, wọ́n sì kọ "Ilé Àwọn Dókítà Ọ̀la" sí i gàdàgbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Àwọn àdán ló ni àjà ilé. Bí òjò bá rọ̀, a ó kó ìwé wa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kó wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, torí abẹ́ rẹ̀ ti di odò.

Kò sí iná. Kànga kan tí kò ní ìdérí ni a ti ń fa omi, ọ̀pọ̀lọ́ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ilé ìgbẹ́ kò ní ilẹ̀kùn. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa húkọ́ kí ẹlòmíràn má bàa já lù ú. Nígbà tí omi kànga yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dà wá nínú rú, ìwúkọ́ la máa ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ikọ́ àwọn dókítà yìí kì í ran ni.

Ní àárọ̀, a ó wọ kóòtù funfun, a ó máa lọ láti agboolé dé agboolé. A ó máa kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, kí wọ́n sì bo kànga wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó padà sílé lọ mu omi ọ̀pọ̀lọ́. Sítóòfù kan ṣoṣo la ní, kẹrosíìnì sì ti di ohun ọ̀wọ́n. Ọjọ́ tí a bá rí i, a ó se omi. Ọjọ́ tí a kò bá rí i, a ó gbàdúrà sí i.

Ẹni tó yẹ kó tún ilé náà ṣe ni Alhaji Ọlálẹ́yẹ. Oníkòkó ńlá ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn àti họ́sítẹ̀lì. Àwọn tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ wa, tí wọ́n ti di ẹni ńlá lókè òkun, ló dá owó jọ, tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Alhaji ra ọ̀dà, ó kun iwájú ilé. Bí a bá bi í léèrè nípa òrùlé, á ní iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. A kò mọ ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ń lọ sí. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ilé tiẹ̀ fúnra rẹ̀ wà, pẹ̀lú sọ́ọ́là lórí òrùlé àti táǹkì omi dúdú méjì lókè.

Ọjọ́ kan ni ó wá sí ilé ìwòsàn pé kí a wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Èmi ni mo wò ó. Ó ní ọwọ́ mi tutù, ó ní ojú mi fi hàn pé ilé rere ni mo ti jáde. Ó ní ó ń dun òun pé irú mi ń sun ibi tí mò ń sùn. Mi ò rántí bi í léèrè ẹni tó yẹ kó tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kí àgbàlagbà máa fi "ẹ" bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ kò tíì gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ó ní kí n wá wo nǹkan kan. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé rẹ̀. Ó ṣí yàrá ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé. Tímùtímù tuntun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fáànù ń yí lókè. Ó ṣí ẹ̀rọ omi ní balùwẹ̀, omi tú jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, mò ń wò ó. Ilé ìgbẹ́ náà ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà tún ní kọ́kọ́rọ́.

Alhaji ní, "Ẹ máa gbé ibí, Dókítà. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa bẹ̀ yín. Bí àwọn ọ̀gá yín bá dé láti wo họ́sítẹ̀lì tí mo tún ṣe, ibí lẹ máa sọ pé gbogbo yín ń gbé."

Ó fi kún un pé kí n má ṣe mú àwọn yòókù wá, sọ́ọ́là kò lè gbé èrò púpọ̀. Kí ẹ má bàa ro nǹkan mìíràn, Alhaji kò fọwọ́ kàn mí rí, kò sì wò mí ní ìwòkuwò. Ènìyàn tó máa dùbúlẹ̀ sínú yàrá kí yàrá lè dà bí ibi tí ènìyàn ń gbé ló ń wá. Bí àwọn oníṣòwò ṣe ń wọ aṣọ fún ère lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ lò mí.

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo rò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu géètì, mo sì padà.

Mo parọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ní mọ̀lẹ́bí bàbá mi ni Alhaji, àwọn ará ilé wa máa bínú bí mi ò bá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Roheem wò mí láti òkè délẹ̀. Praise ló bá mi di ẹrù, òun ló gbé àpótí mi lórí dé ẹnu géètì. Ó ní inú òun dùn pé ó kéré tán ẹnì kan nínú wa máa sùn dáadáa.

Mo sùn dáadáa. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀rí-ọkàn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oorun níwọ̀n ìgbà tí fáànù bá ti ń yí.

Láìpẹ́, mo rí i pé àwọn ará àbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran èènì sí tèmi. Àwọn obìnrin agboolé kejì ń kúnlẹ̀ kí mi. Àwọn ọlọ́kadà ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n rọra gbé mi. Mo rò pé ìmọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Mo tún wá ń rìn bí ẹni tí ìmọ̀ ti wọ̀ lọ́rùn. Roheem, tó mọ̀wé jù mí lọ, kò rí ẹran èènì kankan gbà, mo sì rò pé ìwà rẹ̀ ni kò dára.

Ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń jẹ́ Mùjíbátù, tí mo lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé, rọra bi mí léèrè bóyá ìyálé mi ti gbọ́ pé mo ti wà nínú ilé. Ìyá ilé ni mo gbọ́. Mo rò pé Alhaja Nimotallahi, ìyàwó Alhaji tó ni ilé, ni ó ń béèrè. Mo ti gbọ́ pé ó wà ní Abùjá, níbi tó ti lọ tọ́jú Modinat, ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní wọn kò tíì dé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé, àwa méjèèjì máa gbé pọ̀ dáadáa, ilé náà tóbi tó.

Ìyá Mùjíbátù wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ yìí láyà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Roheem bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Tiẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí tiẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ ni ti Praise bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan géètì. Nígbà tí mo ṣí i, Praise ni mo rí, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó fara ti ògiri.

Ó ní, "Kaothar, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n pọn omi díẹ̀ níbí. Mi ò lè mu ti kànga yẹn mọ́."

Alhaji kò sí nílé. Kò sẹ́ni tó máa rí wa. Bí mo bá sọ pé Alhaji ló dí mi lọ́wọ́, irọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ó bá wọlé, á rí yàrá náà, á béèrè ìdí tí àwọn náà kò fi lè wá, mi ò sì ní ní ìdáhùn. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́.

Táǹkì ti kún lẹ́yìn mi ní àkókò yẹn gan-an, omi sì ń ṣàn láti òkè rẹ̀ wá sórí sìmẹ́ńtì, ó ń pariwo. Praise gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Kò wo ẹ̀yìn mi, ojú mi ló wò. Ó ní kò burú. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ń rọra lọ, ó ń dúró sinmi lójú ọ̀nà. Mo ti géètì.

Ìyẹn ni ohun tí mo ní kí ẹ fi bú mi. Gbogbo èyí tó kù, ẹ̀rín ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Alhaji sáré wọlé pé àwọn ọ̀gá wa ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlámipọ̀sí, obìnrin tó ń darí ẹ̀ka wa, ló máa ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dáwó lókè òkun máa tẹ̀ lé wọn, ó sì fẹ́ ya fídíò láti fi han àwọn yòókù. Alhaji wá di òṣìṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ tí kò ṣe ní họ́sítẹ̀lì láti ọdún kan, ó ṣe é tán nínú yàrá mi láàárín ọjọ́ kan. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta mìíràn wọlé. Ó fi aṣọ ọkùnrin kọ́ ara ògiri. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, ó kó wọn sínú ife kan, gbogbo wọn ṣì wà nínú ọ̀rá. Èmi ni mo bá a tú wọn.

Nígbà tí wọ́n dé, kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọn dé ilé ìwòsàn rárá. Ó pàdé wọn lójú títì, ó sì mú wọn wọ ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè àwọn yòókù. Mo ní wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé kámẹ́rà sójú mi, ó ní kí n sọ bí ilé ṣe rí lára wa. Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ìfẹ́ àwọn tó ṣáájú wa ni à ń sùn lé lórí. Mo ní ará àbà ti gbà wá bí ọmọ. Alhaji nu ojú rẹ̀. Mo rò pé ó sunkún díẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ kan dúró níta. Obìnrin kan wọlé, ó wé gèlè, eruku ọ̀nà jíjìn wà lára aṣọ rẹ̀. Alhaji rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. Alhaja Nimotallahi ni.

Kò pariwo. Ó wo bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo èmi, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlámipọ̀sí, tí òun náà jẹ́ obìnrin tó mọ ara tọ́jú.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Èwo nínú yín ni ìyàwó?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó ta ni, mà?"

"Ìyàwó ọkọ mi. Wọ́n pè mí ní Abùjá pé Alhaji ti gbé dókítà kan níyàwó, ó ti kó wọlé. Wọ́n ní ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ káàkiri pé bí mo bá dé, àwa méjèèjì máa gbé pọ̀ dáadáa."

Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹran èènì tí mo ti jẹ ní Àbà Oníyangí padà wá sí ọ̀fun mi. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìyálé ni Ìyá Mùjíbátù wí, kì í ṣe ìyá ilé.

Mo wo Alhaji pé kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ: akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ ni, Alhaja á béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nínú yàrá ọmọ rẹ̀, kámẹ́rà á sì gbọ́. Mo rí i bó ṣe ń rò ó. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó pinnu pé ó rọrùn kí òun jẹ́ oníyàwó méjì ju kí òun jẹ́ olè.

Ó ní, "Ìyá Modinat, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tá a bá délé."

Alhaja yí padà sí i pátápátá. "Ilé wo? Kí ni à ń pe ibi tá a wà yìí? Ṣé yàrá tí Modinat lò kó tó lọ́kọ kọ́ nìyí?"



Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlámipọ̀sí bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rọra bi Alhaja bóyá ilé wọn ni ibí. Alhaja ní àwọn méjèèjì ló kọ́ ọ, kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n rò tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá yíjú sí mi.

Ó ní, "Kaothar, níbo làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sùn?"

Ẹ gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń di olóòótọ́. Bí wọ́n bá pè mí ní òpùrọ́ nìkan, bóyá ǹ bá tún parọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí fídíò máa gbé e ká òkè òkun pé èmi Kaothar ni ìyàwó kejì Alhaji oníkòkó, mi ò lè gbà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀ kíákíá, bí ẹni tó ń bì. Mo sọ ti àdéhùn, mo sọ ti bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ti búrọ́ọ̀ṣì. Mi ò sọ ti Praise. Ìyẹn kò jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n mú àwọn lọ. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí họ́sítẹ̀lì. Alhaja tẹ̀ lé wa. Alhaji náà tẹ̀ lé wa, torí ìyàwó rẹ̀ ní kó tẹ̀ lé wa.

Orí ẹní nílẹ̀ ni a bá Praise, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti tutù rin. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n ti ń fi omi sí i lára, Tìmílẹ́hìn ló gbé ike omi náà dání sókè, torí kò sí ohun tí wọ́n lè fi kọ́ ọ. Roheem ń fi ìwé pẹlẹbẹ kan fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àdán ń ké lókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Praise mú, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi pe òun.

Roheem dáhùn láìgbé ojú sókè. Ó ní, "Mà, a ti ń pè yín láti ọ̀sẹ̀ tá a dé. Ẹ ní ká fara dà á, ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà tiyín ṣe rí."

Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá ni wọ́n fi gbé Praise lọ sí Ìbàdàn. Mo fẹ́ bá wọn wọlé, Tìmílẹ́hìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ mi lójú.

Alhaja Nimotallahi dúró láàárín yàrá, ó ń wo òrùlé tó lu. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti sọ fún gbogbo ayé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ilé òun, wọn yóò gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ ṣe gbé àpò Roheem sí èjìká, tó gba àárín àbà kọjá, tí àwọn ọlọ́kadà ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Praise sílẹ̀ dè é.

Èmi náà tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì. Alhaja ti gbé àpótí mi síta.

Ó ní, "Ìwọ ti gbé tìrẹ."

Bí mo ṣe di ẹni tó nìkan ń gbé Ilé Àwọn Dókítà Ọ̀la nìyẹn, èmi pẹ̀lú àdán. Mo húkọ́ níbẹ̀ títí pósítìn fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè já lù mí mọ́. Wọ́n ní n kò yege, mo sì tún padà lọ ṣe é nígbà ìsinmi. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí dìde. Àwọn olùṣèwádìí wá, Alhaji pa àgbò fún wọn, wọ́n sì rí i pé àṣìgbọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Òun ṣì ni alága. Wọ́n fi igbákejì tì í kó lè máa ṣọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ ni.

Praise padà wá kí pósítìn tó parí, ó ti rù. Mo lọ bá a nílé Alhaja. Mo kúnlẹ̀ fún un, kì í ṣe àṣà láàárín ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé mo parọ́ lẹ́nu géètì, mo sọ ìdí tí mo fi parọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní kí n dìde.

Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún kó àwa méjèèjì lọ sí ibì kan náà."

Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀, pé á lọ sílẹ̀. A ń pàdé ní kíláàsì, ó ń kí mi, èmi náà ń kí i. Ọjọ́ ìbí mi, ó fi àdúrà ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn balẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kéde ibi tí a ó ti ṣe pósítìn tó kàn. Ìjàyè ni wọ́n pín èmi àti òun sí. Inú mi dùn, mo ń wá a kiri láti sọ fún un. Ìgbà tí mo rí i, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ń jáde bọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa ìyá mi. Ó ní òun ti ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibòmíràn.